Ọjọ́ Mẹ́ta Lábẹ́ Olúmọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye ọjọ́ Sátidé tí ó wà nínú ọdún tí ó kọjá, kí ẹ sì yọ àwọn tí ẹ fi jókòó lábẹ́ kánópì níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọjáde kúrò nínú rẹ̀. Mélòó ló kù fún ìdílé yín? Tiwa tí a jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tilẹ̀ le ju tiyín lọ, nítorí àwa ni wọ́n máa ń pè láti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo ayẹyẹ wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ pẹ́ dé.

Ìdí nìyí tí àwa àti ìyá àwọn ọmọ fi pinnu pé, ó kéré tán, òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún yóò jẹ́ ti ìdílé. A kì í lọ jìnnà. Bí ẹ bá ṣírò owó aṣọ ẹbí méjì pẹ̀lú gèlè wọn, kí ẹ fi èyí tí ẹ ń ná mọ́ onílù lórí kún un, ẹ ó rí i pé irú ìrìn àjò tí a fẹ́ sọ yìí kò kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ìlú tí a mú lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni Abẹ́òkúta. A ní ìdí tí a fi mú un. Èkó ni a bí àwọn ọmọ wa sí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá bí ẹ bá bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé Bíbélì Yorùbá lé wọn lọ́wọ́, àfi bí ẹni pé èdè Lárúbáwá ni. Abẹ́òkúta sì ni ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa. A fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, bóyá ojú wọn yóò là sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò gba àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, máa ń dúró ní Abẹ́òkúta. Ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Alágómejì ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́ ní Èkó. Ibi tí ẹ ó ti sọ̀ ni Láderin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Ìrìn náà kì í pé wákàtí méjì. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì wádìí àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Láti Láderin, takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé yín wọ àárín ìlú. Kí ẹni tí yóò gba ojú títì bi àwọn awakọ̀ ọ̀nà wo ló dára ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ó má gbára lé ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nípa ibi tí ẹ ó sùn, Òkè Ìlẹ̀wó tàbí Ìbarà dára nítorí pé wọn kò jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi wò kí ẹ tó sanwó. Ilé ìtura kan tí a kọ́kọ́ yà sí kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé àwọn ní omi gbígbóná. Omi tútù gan-an kò jáde. A kí wọn, a sì bá tiwa lọ.

Ètò tí a ṣe kò pọ̀: ohun kan láàárọ̀, ohun kan nírọ̀lẹ́, oúnjẹ láàárín wọn. Àwọn kan máa ń kọ ibi mẹ́wàá sínú ìwé, tí ó bá sì di alẹ́, kò sí èyí tí ọmọ lè rántí nínú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú ọkọ̀ ni yóò ti rí i.

Àárọ̀ Sátidé ni a lọ sí Olúmọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ní 2006 ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀ fún àwọn àgbà, nítorí náà ẹ béèrè lẹ́nu ibodè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó ṣèlérí fún ìyá àgbà. Àwa fi ẹsẹ̀ gòkè. Orúnkún ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní ohun tí ó máa ń wí lórí àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà lókè, wọ́n ń pè wá.

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ni ó ṣáájú wọn. Ogun ti fọ́ ìlú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú igbó Ẹ̀gbá, wọ́n ti ṣe àtìpó ní àgbègbè Ìbàdàn, ìyà ibẹ̀ sì ti tó wọn. Ibi tí wọ́n rí tí ó lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀ ni abẹ́ àpáta yìí, orúkọ ìlú náà sì sọ ọ́ kedere: abẹ́ òkúta. Ní ti Olúmọ fúnra rẹ̀, ìtumọ̀ tí afinimọ̀nà wa fún wa ni pé Olúwa ló mọ ọ́n. Àwọn mìíràn ní ìtumọ̀ tiwọn. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ẹ má ṣe kánjú lọ sókè téńté. Ẹ dúró nínú ihò àpáta náà. Ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi tẹ̀ ba. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ti ń fara pamọ́ nígbà ogun. Wọ́n fi àwọn kòtò kéékèèké hàn wá lójú òkúta, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ohun tí wọn yóò jẹ. Ọmọ wa ọkùnrin ki ìkúùkù rẹ̀ bọ ọ̀kan, ó wọlé ṣinṣin. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, “Bàbá, ṣé wọ́n ń se ọbẹ̀ nígbà tí ogun ń jà?” A ní bẹ́ẹ̀ ni, ebi kì í dúró de ogun kí ó tán. Ìbéèrè yẹn nìkan tó owó tí a san ní ẹnu ibodè.

Láti orí àpáta, ẹ ó rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ọ̀kan gun orí èkejì, títí lọ sí apá odò Ògùn. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni a ti sọ ìtàn Dàhòmì fún wọn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Dàhòmì wá kọlu ìlú yìí, wọ́n sì jà lẹ́bàá odi rẹ̀ ní apá Àró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun tí ó wá náà jẹ́ obìnrin. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n sì tún lé wọn. Ọmọbìnrin wa kò gbà pé obìnrin ni àwọn jagunjagun náà, àfi ìgbà tí afinimọ̀nà jẹ́rìí sí i.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ní ìbéèrè lọ́kàn: ṣé ó yẹ kí Kristẹni gun Olúmọ, níwọ̀n ìgbà tí ojúbọ wà níbẹ̀? Ojúbọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń rúbọ níbẹ̀ lọ́dọọdún. A kò fi pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹtàdínlógún dáadáa. Pọ́ọ̀lù rìn káàkiri Áténì, ó wo pẹpẹ wọn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀kan, kí ó tó la ẹnu rẹ̀. Kò forí balẹ̀ fún wọn, kò sì fọ́ wọn. A sọ fún afinimọ̀nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé a kò ní wọ ibi ojúbọ, a kò sì ní fi owó síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Pásítọ̀, irú yín ń wá lójoojúmọ́,” ó sì mú wa gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ọmọ onígbàgbọ́ dúró níwájú ìyá arúgbó kan lórí òkè náà kí ó máa ti imú mọ́ ọn. Kò sí ọkàn tí a ti fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ jèrè rí.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ebi ti ń pa gbogbo wa. Oúnjẹ tí a fi ń mọ Ẹ̀gbá ni láfún. Gbáàgúdá ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá rò ó dáadáa, ó máa ń funfun, ó máa ń fà díẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ kì í sì í pọ̀ jù. A béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ níbi tí àwọn fúnra wọn ti ń jẹun. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ má ṣe bi àwọn ará ilé ìtura. Wọ́n júwe búkà kan tí kò ní pátákó rárá, tí èrò sì tò dé ìta. Láfún, ewédú, ọbẹ̀ ata, ẹja. Ọmọ wa obìnrin tí kì í jẹ òkèlè nílé béèrè fún èkejì. Ìyá àwọn ọmọ wò wá, a wo ìyá àwọn ọmọ, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a lọ sí Ìtòkú, ní ọjà àdìrẹ. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé láfún tí a jẹ lọ́sàn-án tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Oríṣi méjì pàtàkì ni àdìrẹ àtijọ́. Ti oníko, wọ́n ń di aṣọ ní kókó, wọ́n sì ń fi ìko tàbí òwú dì í kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ti ẹlẹ́kọ, wọ́n ń se ìyẹ̀fun gbáàgúdá pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi dì bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rẹ aṣọ náà sínú aró èlú, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Bí wọ́n bá họ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán yóò jáde. Obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ níbẹ̀ fi èyí tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ba hàn wá, àwòrán ọba àti ayaba láàárín rẹ̀. Jùbílì Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1935, ni ó mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn ìyá wa kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán, síbẹ̀ wọ́n rí ohun tí ó ń lọ láyé, wọ́n sì fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí ó wá láti òkèèrè, pọ̀ nínú ọjà, wọ́n sì ń pè é ní àdìrẹ. Ẹ yí aṣọ náà padà. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kan ló ní àwọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan sì bá èkejì mu láìyẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é. Èyí tí ọwọ́ ṣe kì í bára mu tán. Òun ni ó wọ́n jù, owó rẹ̀ sì ń lọ sọ́wọ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú nínú aró. Ẹ bá wọn ná owó, torí ọjà ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ìyá kan lọ́rùn nítorí owó tí ẹ ó fún ẹni tí yóò bá yín wa ọkọ̀ padà.

Bí ẹ bá ní ọmọ kéékèèké, Ibi Ìkówèésí Olóyè Ọbásanjọ́ tí wọ́n ṣí ní 2017 ní Òkè Mosàn dára fún wọn, ẹranko wà níbẹ̀, ibi ìṣeré sì wà. Ṣùgbọ́n odidi ọ̀sán ni ibẹ̀ ń gbà. A kò fi kún tiwa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan rò pé ìrìn àjò fún wọn láyè láti sùn títí di ọ̀sán. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A wọ aṣọ, a sì lọ jọ́sìn ní Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ní Aké, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìjọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìjọ Áńgílíkà ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ìlù àti àtẹ́wọ́ ni tiwa, àwọn ọmọ sì ń wò yí ká bóyá ẹnìkan yóò pàtẹ́wọ́. Kò sí. Dùùrù ló ń dún, a sì dúró nígbà tí wọ́n dúró.

Nígbà tí wọ́n pe orin, wọ́n fún ọmọbìnrin wa ní Ìwé Orin Mímọ́. Ó ṣí i, ó sì dákẹ́. Màmá kan tí ó ti dàgbà gan-an, tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rí i. Kò bi í ní ohunkóhun. Ó kàn sún ìwé náà sí àárín àwọn méjèèjì, ó sì ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń kọrin. Ní ẹsẹ kejì, ọmọ náà ti ń tẹ̀lé ìka. Ní ẹsẹ kẹrin, Màmá mú ọwọ́ kúrò.

Lẹ́yìn ìsìn, a jókòó lábẹ́ igi nínú ọgbà, a sì sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wọn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ó dé Sàró, ó kàwé, ó di àlùfáà. Ní 1846 ó wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, ìlú yìí sì ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ẹ rò ó wò. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sì pè é ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, nítorí Sámúẹ́lì ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Ọkùnrin yìí ni ó ṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí ó parí pátápátá ní 1884.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní ìlú yìí kan náà. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, Yorùbá ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó wà títí di 1867, ọdún Ìfọ́lé, nígbà tí ìlú bínú sí àwọn òyìnbó, tí wọ́n fọ́ ilé ìsìn, tí wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì lọ. Ọmọbìnrin wa ní, “Nítorí náà, àwọn èèyàn ibí ti ń ka Yorùbá kí wọ́n tó máa ka Gẹ̀ẹ́sì?” A ní ọ̀pọ̀ wọn. Ó wo ìwé orin tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá náà kò gbà á padà. Ó ní òun ní òmíràn nílé.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1930 nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ẹ sì dé iwájú ààfin Aláké. Ní iwájú ààfin yẹn ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn, ti wá fi ẹ̀hónú hàn nítorí owó orí ní 1947 àti ọdún tí ó tẹ̀lé e, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ó padà dé ní òpin 1950. Ṣóyínká, tí ó dàgbà nínú ọgbà ìjọ ní Aké, wà lọ́mọdé nígbà náà, ó sì kọ díẹ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé tí ó pè ní Aké ní 1981. Kò yẹ kí ẹni tí ó bá ní ọmọbìnrin kọjá ibẹ̀ láìdúró.

Oúnjẹ ìkẹyìn ni ìrẹsì Ọ̀fàdà, tí wọ́n dì sínú ewé. Ìlú Ọ̀fàdà wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, nítorí náà kò jìnnà dé ìkòkò. Òórùn ewé àti ti irú ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ata ayamáṣe tí wọ́n ń bù lé e ta púpọ̀: ata tútù ni, epo tí wọ́n yọ́ títí ó fi ṣú, ṣàkì, pọ̀ǹmọ́ àti ẹyin. Ẹ ní kí wọ́n fún ọmọdé ní ọbẹ̀ lásán. Kí ẹni tí dókítà bá ti bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru bu ìwọ̀nba, kí ó má sì sọ pé Pásítọ̀ ni ó ní kí òun jẹ ẹ́.

Ìyá àwọn ọmọ ra ìrẹsì náà padà sílé, ó sì ra láfún ní Kútọ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Ẹ gbóòórùn láfún kí ẹ tó sanwó. Èyí tí kò gbẹ dáadáa máa ń rùn bí aṣọ tí òjò pa. Ní ti Ọ̀fàdà, ẹ fi àtẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ ṣà á lójú oòrùn, kí ẹ sì tún un ṣà. Olúmọ nìkan kọ́ ni òkúta tí ẹ ó gbé bọ̀ láti ibẹ̀.